Áàpù Tí Màríámù Yàn

Bí wọ́n bá bi Màríámù léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé, ó lè dárúkọ àìsàn, ó lè dárúkọ mọ́tò tó ń sáré àsápajúdé lójú títì, irọ́ ni yóò sì máa pa. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí wọ́n ní kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Haleemah, padà sílé bàbá rẹ̀ ní Kemta, ọmọ náà ṣì ń rákò. Ọmọ ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí, ó ti wà nílé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé ní ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Màríámù fúnra rẹ̀ sì ti di ẹni tí bàbá rẹ̀, Alhaji Sàlàhúdíìnì, fa àkọsílẹ̀ òwò gàrì ìdílé lé lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí ilé gbiná lọ́jọ́ tí Alhaji kéde rẹ̀. Obìnrin kẹ̀? Opó? Gbogbo mọ̀lẹ́bí wá káwọ́ gbera, wọ́n ń retí ọjọ́ tí yóò ṣubú kí wọ́n lè wá bá a kẹ́dùn.

Òwò náà kì í ṣe kékeré. Oko ẹ̀bá Wásinmi ni gàrì ti ń wá, ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ti ń tà á. Ti Kemta wà lọ́wọ́ Bàṣírátù, ìyàwó Abdulkabir tó jẹ́ àkọ́bí Alhaji. Ti Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra gàrì bí ẹni ń ra omi, wà lọ́wọ́ Kùdírátù, ìyàwó Usamah, àbúrò Màríámù. Bí Alhaji bá béèrè pé gàrì oko wo ló ń yá jù, ta ló ń rà á, èwo ni wọ́n ń dá padà, oníkálukú á máa sọ tẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dariwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Màríámù wá áàpù kan tí yóò máa kó ọjà ṣọ́ọ̀bù méjèèjì pọ̀ sójú kan, tí yóò sì máa jábọ̀ fún wọn.

Harriet, ọmọ Ìbarà kan tó ń ta irú áàpù bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, gbé méjì wá. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì ní pálọ̀ Alhaji, gbogbo wọn sì yí i ká. Áàpù àkọ́kọ́ kò lẹ́wà rárá. Dúdú àti funfun ni, ó dà bí ìwé tí wọ́n fi ń pe ènìyàn sí kóòtù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé gàrì, dandan ni kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìkómọ, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tì í. Bí wọn ò bá kọ ọ́, kò ní gbà, bí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Èyí le," Harriet sọ, "ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ fún yín, ẹ lè fẹ̀yìn tì í."

Ó wá ṣí èkejì. Ẹ̀yin ò bá rí i! Pupa rẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dán, ọjà ń yí róbótó bí àkàrà inú epo, gíga ń ga, kíkúrú ń kúrú. Alhaji tó ti ń tògbé tẹ́lẹ̀ gbàgbé tẹ̀súbáà sórí itan, ó nawọ́, ó ní, "Ẹ padà sí aláwọ̀ ewé yẹn ná." Orúkọ yòówù tí wọ́n bá kọ, èyí á gbà á. Bí ó bá rí orúkọ tó jọra ní ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun so wọ́n pọ̀ di ẹnì kan.

"Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, mà," Harriet sọ fún Màríámù. "Á bi yín kó tó so wọ́n pọ̀. Ẹ má kàn máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkàn Màríámù sọ fún un pé àkọ́kọ́ ni kó mú. Ó mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí Bàṣírátù pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé náà ń gbé gàrì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ àbúrò ọkọ mi? Kí n kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹni pé èmi ni mo bí i?"

Kùdírátù dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, "Orúkọ tí ẹnu ò gbọdọ̀ pè, ọwọ́ wo ni yóò kọ ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó tó bá gba ẹ̀kọ́ ilé kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n bá ti bí tàbí tó ti ń gbé ilé náà kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, ọkọ ni. Orúkọ àpọ́nlé ni ìyàwó á wá fún un. Bàṣírátù ń pe Usamah ní Akọ̀wé torí pé iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, gbogbo ilé ló sì ti mọ̀ ọ́n sí i. Inú Alhaji dùn gan-an sí ohun tí àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ. Ó wo Màríámù, ojú gbogbo wọn sì tẹ̀ lé ti Alhaji. Ẹ̀rù bà á. Bí ó bá mú áàpù àkọ́kọ́, wọn ò ní pẹ́ sọ pé opó tó padà wálé ló fẹ́ kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní àfojúdi. Ó ní èkejì ni òun mú.

Ìyẹn tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí Màríámù ti ń jẹun lọ́wọ́, áàpù bi í léèrè pé Akọ̀wé ti Kemta àti Akọ̀wé ti Òṣíẹ̀lẹ̀, ṣé ẹnì kan náà ni? Ta ni kò mọ Akọ̀wé nílé yìí? Ó rò pé ẹnu Bàṣírátù ni Kùdírátù ti kọ́ ọ. Ó fi ìka tí kò lọ́bẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bu òkèlè mìíràn.

Oṣù gun oṣù, áàpù ń ṣiṣẹ́ bí idán. Alhaji a máa fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ọmọ mi obìnrin ló yan èyí o." Mọ̀lẹ́bí tó káwọ́ gbera sì tú ọwọ́ sílẹ̀.

Àfi bí ó ti di àárọ̀ Sátidé kan tí fóònù Màríámù dún. Fádáre ni, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan ní oko ẹ̀bá Wásinmi, ọmọlúàbí tí kì í pẹ́ kó gàrì wá, tí kì í sì í fi yanrìn kún un.

"Ìyá Haleemah," ó ní, kò tiẹ̀ kí i, "gàrì tí mo kó wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, inú àpò kéékèèké yẹn, ṣé ó ṣì wà nílẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ó ti ń tà. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà o, ọmọ mi. Adìyẹ mi ti kú tán."

Màríámù kò lóye. Bàbá náà ní àna òun kan ló kó àpò òfìfo náà wá, pé ó mọ́, pé ó funfun. Àwọn fọ̀ ọ́, àwọn sá a sóòrùn, àwọn rọ gàrì sí i. Àṣé àgbàdo gbígbìn ni wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ rí, irú èyí tí wọ́n po oògùn apakòkòrò mọ́, tí ẹyẹ bá ṣà á jẹ, ẹyẹ á kú. Ní òwúrọ̀ yìí ni ìyàwó òun gbọn ìyókù gàrì inú ọ̀kan sílẹ̀ fún adìyẹ. "Mi ò tíì mu ògì mi tán tí wọ́n fi ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo firin búra fún yín, mi ò mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́."

Ara Màríámù bù máṣọ. Ó sáré wọ pálọ̀, ó ro ẹjọ́ fún Alhaji tó ń mu tíì. Bàbá àgbà náà gbé ife sílẹ̀, ó dìde dúró, ó ní, "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kú sórí gàrì mi. Ṣí nǹkan yẹn."

Ó ṣí i. Lójú ẹsẹ̀, áàpù to àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí Fádáre kó wá síwájú wọn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlẹ̀ sí. Ká má parọ́, nínú gbogbo ìpayà yẹn, Màríámù ṣì rí àyè dúpẹ́ pé òun yan áàpù. Mẹ́rin ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Kemta. Bàṣírátù wọ́ wọn jáde síta, ó ń ké Subuhanallah. Ó ku márùn-ún. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ tíṣà kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, kò tíì tú u. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́wà kan tó ní òun ṣì ń jẹ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Ìtókò, fóònù rẹ̀ sì dún títí kò gbé e. Ó tún dún. Nígbà tó gbé e, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù o, gàrì òun tí òun rẹ ti fẹ́ wú jù.

"Ẹ dà á nù!" Màríámù kígbe. "Màmá, ẹ má fi kan ẹnu! Ẹ dà á nù!"

Wọ́n gbọ́ bí ìyá náà ti ń bi ẹnì kan pé ṣé orí obìnrin yìí pé báyìí. Wọ́n gbọ́ nígbà tó da abọ́ náà sí gọ́tà. Alhaji jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ agbádá nu ojú.

Ó wá ku orúkọ kan ṣoṣo. Akọ̀wé, àpò méjì. Èémí tí Màríámù ti há mọ́ àyà látàárọ̀ jáde. Usamah nìyẹn, kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ ti di ti abẹ́lé.

"Akọ̀wé," ó ní nígbà tí Usamah gbé fóònù, "gàrì méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ yẹn, má jẹ ẹ́ o. Májèlé wà níbẹ̀."

"Haà! Àǹtí mi, méjì wo? Ọ̀kan ni mo gbà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa. Ó ṣì wà nínú búùtù mọ́tò mi, mi ò tíì tú ẹnu rẹ̀."

"Méjì ni wọ́n kọ síbí."

"Kí wọ́n kọ ogún. Ọ̀kan ni mo gbé. Àbí ẹ rò pé mo ti di ìjàpá ni?"

Màríámù fi ìka tẹ orúkọ náà lójú fóònù rẹ̀, orúkọ náà sì là sí méjì. Ọ̀kan láti Kemta. Ọ̀kan láti Òṣíẹ̀lẹ̀, lánàá.

"Usamah. Kùdírátù máa ń pè ọ́ ní Akọ̀wé?"

Usamah bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tèmi? Dádì ló ń pè mí bí inú rẹ̀ bá dùn. Bí inú bá ń bí i, kì í pè mí rárá."

"Ta ló wá ń pè ní Akọ̀wé?"

Ẹ̀rín náà dá.

"Usamah!"

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, "ọmọ yín ni. Haleemah. Kùdírátù máa ń pè é bẹ́ẹ̀ torí ìwé tó máa ń kọ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà níbẹ̀, ọkọ mi ló máa ń pè é. Ó bẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwé lánàá. Ó ní òun gbé gàrì lọ fún un."

Màríámù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mọ̀ pé òun jókòó. Ó ń gbọ́ tí Usamah ń pariwo nínú fóònù pé òun ń pe Kùdírátù báyìí kó sáré lọ sílé ìwé, torí ó sún mọ́ ọn. Ó ń gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń béèrè pé kí ló dé. Gbogbo ìgbà tí òun ń pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ, tí òun ń wá gàrì kiri Ìtókò, ọmọ tòun ló ń jẹ ẹ́. Áàpù náà sì mọ̀. Ó ti kọ ọ́ síwájú òun láti ìgbà àkọ́kọ́, ó kàn fi ọmọ òun pamọ́ sábẹ́ ẹlòmíràn ni, torí pé òun ló ní kó fi í pamọ́.

Ó pe ilé ìwé. Ìka rẹ̀ ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Mátírọ́nù ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan.

"Haleemah? Ẹ má mikàn, Mọ́mì. Ó wà lọ́dọ̀ wa níbí, nínú yàrá àwọn tí ara wọn ò yá. Ó bì díẹ̀, ó ń làágùn. A ti fún un lóògùn ibà."

"Kì í ṣe ibà!" Ohùn tó jáde lẹ́nu Màríámù ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. "Májèlé ni! Inú gàrì ni! Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró dè mí, ẹ gbé e!"

Alhaji fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò. Bàbá tó ti pẹ́ tó ti wakọ̀, tí àwọn ọmọ kì í gbà fún mọ́, ó ń kọjá lára àwọn ọlọ́kadà bí ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ń lé, ó ń ka Láìláà ìlalláhù sábẹ́ ètè. Màríámù di fóònù mú. Kò mọ ohun tó ń wò lójú rẹ̀. Áàpù náà ṣì ṣí sílẹ̀, aláwọ̀ ewé róbótó, ó ní gbogbo àpò ti pé, kò sí èyí tó sọnù. Ìríra dé bá a. Bí kì í bá ṣe pé ó lè nílò fóònù náà, ojú fèrèsé ni ìbá gbà jù ú sí títì.

"Ọlọ́run, mú mi," ó ń sọ. "Ọlọ́run, èmi ni kí O mú. Òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Èmi ni."

Alhaji fẹ́ bá a wí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àdúà, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tẹ iná mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, Kùdírátù ti wà níbẹ̀. Òun àti mátírọ́nù ló jọ gbé Haleemah sórí ọ̀kadà, wọ́n há a sáàárín. Ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn ti rẹ ẹ́ bí ẹni tó bọ́ sódò, dúdú ojú rẹ̀ sì ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Màríámù pè é. Kò dáhùn. Ó tún pè é, ọmọ náà yí ojú sí i, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó rí i.

"Oògùn wo ni?" dọ́kítà béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mo mọ irú rẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ọwọ́ mi á dá ṣáká."

Màríámù pe Fádáre. Bàbá náà kò béèrè ohunkóhun. Ó ní àna òun ṣì ní ìwé tí wọ́n rán mọ́ ẹnu àpò náà, òun ń lọ báyìí. Wọ́n gbọ́ bó ti ń sáré. Àgbàlagbà bí irú rẹ̀, wọ́n gbọ́ bó ti ń mí gúlegúle nínú fóònù, tó ń ké pe Fáyọmí ọmọ rẹ̀ pé kó mú fóònù onífọ́tò wá. Láìpẹ́ fọ́tò wọlé. Dọ́kítà fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó kà á, ó kọ nǹkan fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì sáré jáde.

Wọ́n ní kí àwọn ará ilé bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni Kùdírátù ti kúnlẹ̀, tó di ẹsẹ̀ Màríámù mú.

"Ẹ forí jì mí, Àǹtí. Ọkọ mi ni. Mo ní kí ó má baà jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mu gàrì, òun ń wò wọ́n lẹ́nu. Ìfẹ́ ni mo fi gbé e lọ."

Ọwọ́ Màríámù ń yún un láti gbá a létí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó fẹ́ kí ẹnì kan wà tí òun lè lù, kí gbogbo ohun tó wà láyà òun lè jáde. Ó wo orí obìnrin tó kúnlẹ̀ yìí, gèlè rẹ̀ ti bọ́, eruku ọ̀kadà ti bo irun rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ìwọ kọ́. Ó bi mí. Ó bi mí pé ṣé ẹnì kan náà ni, mo ń jẹun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Kùdírátù kò lóye ohun tó ń sọ, Màríámù kò sì lágbára láti là á yé e. Wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, àwọn méjèèjì á gbé orí sókè. Nọ́ọ̀sì á jáde, á mú nǹkan, á padà wọlé, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Alhaji dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Nígbà tí dọ́kítà pè wọ́n, oòrùn ti kọjá àtàrí. Itọ́ ti dá lẹ́nu Haleemah. Ó rẹ̀ ẹ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi inú rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ó wo ìyá rẹ̀, ó sì rí i.

"Mọ́mì," ó ní.

Màríámù wó lé bẹ́ẹ̀dì. Àlùhámídúlíláhì gba ẹnu gbogbo wọn. Ó gbé ojú rẹ̀ sí ọrùn ọmọ rẹ̀ tó ń rùn fún oògùn, ó sunkún bí kò ti sunkún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá ọmọ náà lọ.

"Ṣé ìwọ nìkan lo mu gàrì náà?" dọ́kítà bi í.

Haleemah mi orí. "Èmi àti Ummu ni."

Màríámù gbé orí sókè. "Ummu wo?"

"Ummulkulthum, ọ̀rẹ́ mi. Abọ́ kan náà la fi mu ún, lẹ́yìn àsùbáà. Òun ló mu púpọ̀, ó fẹ́ràn gàrì jù mí lọ."

Mátírọ́nù fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ummulkulthum ti wá mú un lọ láàárọ̀ kùtù, kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ bímọ, òní sì ni wọ́n ń sọmọ lórúkọ. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ wà nínú fóònù òun. Ó tẹ̀ ẹ́, ó na fóònù náà sí Màríámù, torí pé òun ò lè sọ̀rọ̀.

Ó dún pẹ́. Nígbà tí ẹnì kan gbé e, ariwo àlejò ló kọ́kọ́ wọlé, àwo ń kan àwo, ẹnì kan ń béèrè omi.

"Ẹ kú ewu ọmọ," Màríámù sọ, torí kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ummulkulthum ńkọ́?"

"Ummu? Ó wà nínú ilé. Ó ń sùn." Inú obìnrin náà dùn, ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní òòyì ń kọ́ òun. Mo ní kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, àárẹ̀ ilé ìwé ni. Ta ni kí n pè yín?"

"Ẹ jí i."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ẹ jí i! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bi mí ní nǹkan kan, ẹ lọ jí i!"

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà. Ariwo àlejò ń lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn kan ṣí. "Ummu," obìnrin náà pè, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti ń jí ọmọ. "Ummu, dìde." Kò sí ohun tó dáhùn. "Ummulkulthum. Kí ló ń ṣe ọ́? Ummu!" Fóònù já bọ́ sórí nǹkan rírọ̀ kan, ohùn obìnrin náà sì yí padà, ó di ohùn tí gbogbo ìyá mọ̀. Ó ń fi oríkì pè é. "Àṣàbí! Àṣàbí o! Àṣàbí mi, má ṣe bẹ́ẹ̀! Àṣàbí!"

Màríámù wà lórí eékún rẹ̀ nínú ọsibítù, kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Ọmọ tí kò rí rí, tí kò mọ̀ bóyá ó pupa ni àbí ó dúdú, òun náà ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pè é sínú fóònù. "Àṣàbí o! Àṣàbí, dáhùn! Dá ìyá rẹ lóhùn!" Kùdírátù bá a gbè é. Àwọn aláìsàn yí orí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ béèrè pé ta ló kú.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ, ó jìnnà, ó tín-ín-rín.

"Màámi. Omi."

Màríámù kàn na fóònù sókè, dọ́kítà sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má fún un lómi o, mà! Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ gbé e, ẹ máa gbé e bọ̀ báyìí. Àdúgbò wo lẹ wà, ká rán mọ́tò wá pàdé yín?"

Alhaji ti di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹkún ti gba ẹnu ìyá náà débi pé kò lè dárúkọ àdúgbò rẹ̀.